Àpótí Onípele Kọ́, Àpótí Ẹlẹ́yọ Ni

Ẹni tí ó bá gba ojú títì láti Òṣogbo lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó la Ìlobù já, tí ó sì dé Ìfọ́n, kò ní ṣàì rí ìsọ̀ àwọn káfíńtà lẹ́bàá ọ̀nà. Láàrin àga, ibùsùn àti férémù ilẹ̀kùn tí wọ́n tò síta fún ojú oníbàárà, ohun kan wà tí ó máa ń ga ju gbogbo wọn lọ. Dìfáídà ni àwọn tí ó ń ṣe é àti àwọn tí ó ń rà á jọ ń pè é. Láti ìgbà tí owó epo ti wọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1980, ni ó ti di ohun àmúyangàn ní pálọ̀. Àárín rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń jókòó sí. Òkè rẹ̀ ni ìyá ilé ń to abọ́ tánganran àti ife onígíláàsì sí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ó ní ilẹ̀kùn ni bàbá ilé ń fi ìwé ilẹ̀ àti ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ pamọ́ sí.

Ìṣòro dìfáídà kò farasin. Bí a bá ti kàn án tán, odidi kan ni. Bí ẹnu ọ̀nà kò bá gbà á, a ó tú férémù ilẹ̀kùn, tàbí kí káfíńtà kó igi, òòlù àti ìṣó rẹ̀ wọ inú pálọ̀, kí ó kàn án síbẹ̀. Bí onílé bá kó lọ sí ibòmíràn tí ògiri rẹ̀ kúrú, ayùn ni yóò parí ọ̀rọ̀. Bí ẹrù bá sì pọ̀ sí i, kò sí bí a ṣe lè fi kún un. Òmíràn ni a ó tún lọ bẹ̀ ní iṣẹ́, èyí tí kì í sì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu ní gíga tàbí ní fífẹ̀.

Ìṣòro kan náà yìí ni àwọn ayàwòrán-ilé ilẹ̀ Ítálì dojú kọ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì wá ojútùú sí láàrin nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970. Ojútùú wọn ni pé kí a má ṣe kan odidi mọ́. Kí a ṣe àpótí kéékèèké tí ìwọ̀n wọn dọ́gba, tí a lè tò léra, tí a lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí a lè tú, tí a sì lè fi òmíràn kún nígbàkúgbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún irú àpótí bẹ́ẹ̀, 'module'. Ọ̀rọ̀ náà kò sì dúró sí ọ̀dọ̀ káfíńtà nìkan. Ó ti wọ inú iṣẹ́ ilé kíkọ́, ó ti wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó sì ti wọ inú ètò ẹ̀kọ́ yunifásítì. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní èyíkéyìí nínú wọn yóò bá a pàdé. Ó yẹ, nígbà náà, kí àwọn onímọ̀ èdè wá orúkọ tí ó tọ́ fún un, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti lè fi ojú rí i, tí a sì lè fi ọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni àpótí.

Ọ̀rọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú èdè Látìn ni ó ti wá, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ ni òṣùwọ̀n kékeré. Vitruvius, ará Róòmù tí ó kọ ìwé lórí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, lò ó báyìí: a ó mú ìwọ̀n kan lára òpó tẹ́ńpìlì, ìwọ̀n yìí ni a ó sì fi ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn ẹ̀yà yòókù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀rọ̀ nípa títo nǹkan léra nínú èyí rárá. Ìwọ̀n ni gbòǹgbò rẹ̀. Títò jẹ́ èso tí ó so lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá ti gbàgbé èyí ni yóò sáré fún àpótí náà ní orúkọ tí kò yẹ ẹ́.

Franco Albini, tí ó kú ní ọdún 1977, wà lára àwọn tí ó fi ọgbọ́n yìí hàn nínú iṣẹ́ igi. Ní ọdún 1956 sí 1957 ni ó ya àwòrán ibi ìkówèésí kan fún ilé iṣẹ́ Poggi ní ìlú Pavia. LB7 ni nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n Infinito, ìyẹn aláìlópin, ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Òpó onígi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbé e ró. A ó ki òpó náà há àárín ilẹ̀ àti àjà títí yóò fi le dáadáa, a kò sì ní kan ìṣó mọ́ ògiri. Ara àwọn òpó yìí ni a ó gbé pákó àti àpótí kọ́, ní gíga tí ó bá wu onílé. Bí ìwé bá pọ̀ sí i, a ó fi òpó kan kún un, a ó sì máa bá a lọ. Níwọ̀n bí kò ti fara ti ògiri, ó lè dúró sí àárín yàrá kí ó sì pín in sí méjì, èyí tí í ṣe ìtumọ̀ orúkọ dìfáídà gan-an. Dìfáídà ti pálọ̀ ilẹ̀ Yorùbá kì í sábà pín ohunkóhun mọ́. Ògiri ni ó ń fara tì, orúkọ nìkan ni ó kù lára iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dá a.

Joe Colombo gba ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1963 ni ó ṣe Combi-Center, tí í ṣe àwọn àpótí roboto tí a ń tò léra. Ní ọdún 1970 ó tún ṣe Boby, àpótí oníkẹ̀kẹ́ tí àwọn ayàwòrán ń kó irinṣẹ́ sí, tí àwọn àwo inú rẹ̀ ń yí síta láti igun kan. A lè rí i títí di òní ní ìsọ̀ àwọn onídìrí àti lọ́dọ̀ àwọn dókítà eléyín ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ikú kò jẹ́ kí Colombo pẹ́. Ọmọ ọdún 41 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 1971.

Èyí tí ó yẹ kí olùkọ́ fi ara balẹ̀ wò jù lọ ni iṣẹ́ Anna Castelli Ferrieri. Ọkọ rẹ̀, Giulio Castelli, ni ó dá ilé iṣẹ́ Kartell sílẹ̀ ní agbègbè Milan ní ọdún 1949. Onímọ̀ ẹ̀rọ àti kẹ́mísírì ni Castelli. Ọ̀dọ̀ Giulio Natta ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, Natta yìí kan náà tí òun àti Karl Ziegler ará Jámánì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1963 nítorí iṣẹ́ ìwádìí wọn lórí ohun tí a fi ń ṣe ike. Ayàwòrán-ilé ni ìyàwó, ó sì ti bá Albini ṣiṣẹ́ rí. Ìmọ̀ ọkọ àti ìmọ̀ ìyàwó ni ó pàdé nínú àpótí tí wọ́n ń pè ní Componibili. Onígun mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1967. Èyí tí ó jẹ́ roboto, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, tẹ̀lé e ní ọdún 1969.

Ike tí a fi ṣe é ni ABS, orúkọ tí a fà yọ lára ohun mẹ́ta tí ó para pọ̀ di í: acrylonitrile, butadiene àti styrene. Ìkínní kì í jẹ́ kí kẹ́míkà tètè bà á jẹ́. Ìkejì, tí ó ń di irú rọ́bà kan, ni kì í jẹ́ kí ó tètè fọ́ bí ó bá ṣubú. Ìkẹta ni ó fún un ní líle àti dídán. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì a máa bá akẹ́kọ̀ọ́ wí pé wọ́n ń pe gbogbo ike ní rọ́bà, ìbáwí náà sì tọ́ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ní ti ABS yìí, ìyá tí ó ń ta abọ́ ní ọjà Ìlobù, tí ó sì pè é ní rọ́bà, kò jìnnà sí òótọ́ tó bí olùkọ́ ṣe rò.

A ó yọ́ ike yìí nínú iná, a ó fi agbára tì í wọ inú ẹ̀dà onírin, yóò sì dì síbẹ̀. Ẹ̀dà kan náà ni ó ń bí gbogbo àpótí náà, nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tí ó tóbi ju èkejì lọ. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú ihò tí ìka ń wọ̀. Kò sí ìṣó, kò sí ìdè ilẹ̀kùn. Ìkan ń jókòó lé ìkejì ni.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìwọ̀n rẹ̀. Ìbú èyí tí ó jẹ́ roboto jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32. Èyí tí a fi àpótí 2 tò ga ní sẹ̀ǹtímítà 40; alápòótí 3 ga ní 58.5; alápòótí 4 ga ní 77. Bí a bá yọ 40 kúrò nínú 58.5, ó ku 18.5. Bí a bá yọ 58.5 kúrò nínú 77, 18.5 náà ni yóò kù. Ìyẹn ni pé àpótí kan tí a bá fi kún un ń fi sẹ̀ǹtímítà 18.5 kún gíga rẹ̀, kò lé, kò dín. Bí a bá sì ṣírò 18.5 lọ́nà méjì, 37 ni. Sẹ̀ǹtímítà 3 ni ó kù kí ó tó pé 40. Sẹ̀ǹtímítà 3 yìí kì í yí padà, iye àpótí yòówù tí a ìbáà tò. Olùkọ́ ìṣirò lè kọ ọ́ sí ojú pátákó pé gíga dọ́gba pẹ̀lú 18.5n + 3, kí ó sì bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé kí wọ́n wá gíga alápòótí 6. Nínú ìlà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo ọgbọ́n àpótí náà wà: ohun kan wà tí ó ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì lè rọ́pò èyíkéyìí nínú àwọn yòókù.

Ní ọdún 1972 ni ilé ìkóhun-ọnà-ìgbàlódé-sí ti New York ṣe àfihàn ńlá kan lórí iṣẹ́ àwọn ará Ítálì wọ̀nyí, tí Emilio Ambasz ṣe ètò rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà owó epo rọ̀bì fò sókè, ike sì wọ́n fún àwọn tí ó ń fi í ṣe àga àti àpótí. Ohun tí ó bo ojú ọ̀run àwọn oníṣẹ́ ike ní Milan ni ó mú oòrùn ràn sí àpò ìjọba Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rí owó fi ra dìfáídà.

Ẹ wá padà sí orí ọ̀rọ̀ orúkọ. Componibili kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Ítálì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́ ni, tí ó túmọ̀ sí àwọn ohun tí ó ṣeé tò pọ̀. Àwọn ará Ítálì tí Látìn jẹ́ èdè baba wọn kò padà lọ wú ọ̀rọ̀ Látìn jáde fún un. Wọ́n wo ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe sí i, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀. Èyí jẹ́ ìdáhùn fún àwọn tí ó gbà pé orúkọ kò lè jẹ́ ti ìmọ̀ àfi bí ó bá ṣòro í pè.

Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ẹnu atúmọ̀ ni onípele. Ó dùn-ún gbọ́, ó sì wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí onípele ń sọ ni bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn tí a ti tò ó tán. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì jẹ́ onípele, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó lè gbé ìpele kejì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kí ó gbé e lọ sí Ìfọ́n. Àpáta pàápàá ní ìpele. Àwo oúnjẹ irin tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́ sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀: abọ́ inú rẹ̀ sábà máa ń dọ́gba, a sì lè fi ti òkè sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n irin tí ó dè wọ́n pọ̀ ti pinnu iye tí yóò gbà. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin, ìkarùn-ún kò ní àyè. Bí a bá wá pe gbogbo ìwọ̀nyí àti àpótí Castelli Ferrieri ní orúkọ kan náà, a ti fi orúkọ bo ohun tí ó yẹ kí orúkọ fi hàn mọ́lẹ̀.

Alátòpọ̀ sàn ju onípele lọ, nítorí pé ó mẹ́nu ba iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n igi ìdáná náà jẹ́ alátòpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣu lórí àtẹ. Kò sí ìwọ̀n nínú rẹ̀, ìwọ̀n sì ni a ti rí pé ó jẹ́ gbòǹgbò. Ní ti àwọn tí ó fẹ́ kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kí a sì fi àmì ohùn sí i lórí, wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Dìfáídà fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò, kò sì sí ẹni tí ó ní kí a lé e jáde. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé dìfáídà bá nǹkan náà wọlé ni, ó sì ti dàgbà ní ẹnu àwọn tí ó ń lò ó. Èyí tí a ń sọ yìí kò tíì dé ẹnu ẹnikẹ́ni ní ìsọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀ ni a ń gbìn.

Àwọn kan lè sọ pé àṣà títo ẹrù léra kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá, kí á sì lọ wá orúkọ nínú igbá tí ìyá arúgbó ń tò sí yàrá. Ó yẹ kí á wo igbá náà dáadáa. Igbá ńlá ni ó ń wà ní ìsàlẹ̀, èyí tí ó kéré sí i ní òkè rẹ̀, títí yóò fi dé orí ahá. Ipò ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wà lára títóbi rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ahá sí ìsàlẹ̀ yóò gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹwà títò náà wà nínú àìdọ́gba, ohun tí ó sì lòdì pátápátá sí ti àpótí Ítálì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkòkò. Ìlobù jẹ́ ìlú Erinlẹ̀, àwọn olùsìn Erinlẹ̀ sì ní ìkòkò ọlọ́mọrí tí wọ́n ń pè ní àwo ọta, níbi tí omi odò àti ọta inú rẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ ni amọ̀kòkò fi ń mọ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Òun ni ó sì ń mọ ọmọrí mọ́ ọn, kì í ṣe ẹ̀dà. Kò sí ẹni tí ó jẹ́ dá a lábàá pé kí a gbé ọmọrí ti ojúbọ kan lọ dé ti ojúbọ mìíràn. Iyì ohun náà ni pé òun nìkan ni ó jẹ́ òun. A kò gbọdọ̀ fi orúkọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pe ohun tí iyì tirẹ̀ jẹ́ pé ó dà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibì kan wà, síbẹ̀, tí àwọn baba ti lo ọgbọ́n yìí gan-an, inú owó ni. Nígbà tí owó ẹyọ jẹ́ owó, 40 ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan. 50 okùn ni orí kan, tí í ṣe ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Orí 10 ni ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000. Ọ̀kẹ́ yìí, kí a má gbàgbé, jẹ́ orúkọ àpò kí ó tó di orúkọ iye: ohun tí a ń kó nǹkan sí ni ó di òṣùwọ̀n. Ẹyọ kan kò ní orúkọ tirẹ̀. Ẹyọ yòówù lè wọ ipò ẹyọ yòówù. A lè tú okùn kan, kí a tún un sín, kí a fi kún un, kí a yọ nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Okùn, orí àti ọ̀kẹ́ ń dàgbà ní ìwọ̀n tí a ti fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ohun tí Vitruvius ń pè ní òṣùwọ̀n kékeré àti ohun tí Castelli Ferrieri fi ike ṣe ni ó pàdé níbẹ̀, wọn kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó mọ owó kà.

Nítorí náà, ẹyọ ni ó yẹ kí àpótí kọ̀ọ̀kan máa jẹ́. Bí a bá fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹyọ mìíràn, kí a pè é ní ẹyọ-àtò. Àpótí, ilé tàbí ètò tí a fi irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ ṣe ni kí ó máa jẹ́ ẹlẹ́yọ. Ìwọ̀n tí gbogbo ẹyọ náà ń tẹ̀ lé, irú 18.5 ti òkè yìí, ni ìwọ̀n-ẹyọ. Àtòpọ̀ kò ní ṣòfò, òun ni kí a fi máa pe odidi tí a ti tò tán. Ìyẹn ni pé Componibili alápòótí 3 jẹ́ àtòpọ̀ kan, ẹyọ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n-ẹyọ rẹ̀ sì ni sẹ̀ǹtímítà 18.5. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà lè sọ̀rọ̀ nípa ètò ẹlẹ́yọ láìyí ohunkóhun padà. Ẹni tí ó ń kọ́ni nípa ilé tí a ti ṣe yàrá rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kí a tó gbé e wá sí orí ilẹ̀ lè pè é ní ilé ẹlẹ́yọ.

Àwọn onígírámà yóò kọ́kọ́ tako èyí, wọn kò sì jẹ̀bi. Nínú ìwé gírámà Yorùbá, ẹyọ ni ó dojú kọ ọ̀pọ̀: ẹnì kìíní ẹyọ, ẹnì kìíní ọ̀pọ̀. Wọ́n lè bẹ̀rù pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé àpótí ẹlẹ́yọ ni èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rù náà kò pọ̀ tó bí ó ti dún. Orí jẹ́ orí ènìyàn, ó jẹ́ orí ìwé, ó sì jẹ́ 2,000 owó ẹyọ. Ìpele tí wọ́n fẹ́ kí á lò dípò rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí obìnrin ń gbé lé èjìká. Kò sí ẹni tí ó ti ipa bẹ́ẹ̀ ṣìnà rí, nítorí pé iṣẹ́ tí a ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ó ń fi ìtumọ̀ hàn. Àti pé ẹyọ ti gírámà gan-an kò tako ti àpótí: nǹkan kan tí a lè ka sí ọ̀kan, kí a tó mọ̀ bí yóò ṣe wà pẹ̀lú òmíràn, ni àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di ti ẹni tí kò ka ìwé gírámà rí ni ìsọ̀. Ọmọ iṣẹ́ káfíńtà ní Ìlobù ń kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní èdè Yorùbá láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá wá lọ jókòó fún ìdánwò iṣẹ́ igi, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó fi bi í. Láti ọdún 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò fífi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́fà, ni ó ti hàn pé sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò kò kọ èdè yìí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní ọdún 1984, apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Iṣẹ́ ribiribi ni. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n gbájú mọ́. Ìsọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò tíì rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀.

Àṣìṣe orúkọ kì í sì í dúró sí orí ìwé. Àwọn káfíńtà kan wà tí ó ti ń ṣe dìfáídà ní ẹ̀là méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, kí ó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí olùkọ́ bá ti sọ fún ọmọ pé onípele ni ohun tí àwọn ará Ítálì ṣe, ọmọ náà yóò tọ́ka sí dìfáídà ẹlẹ́là méjì yìí pé òun náà nìyí, kò sì ní sí ohun tí olùkọ́ lè fi já a ní irọ́, nítorí pé onípele ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkè ti èyí tí a ṣe ní oṣù yìí kò lè jókòó lé ìsàlẹ̀ ti èyí tí a ṣe ní ọdún tí ó kọjá. Bí oníbàárà bá sì padà wá ní ọdún mẹ́ta òní pé òun fẹ́ fi kún un, ọ̀gá kò ní rántí ìwọ̀n tí ó lò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlẹ́yọ ni ọmọ náà gbọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi ara rẹ̀ ni: kí ni ìwọ̀n-ẹyọ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni ó ń sọ káfíńtà di ẹni tí ó lè ta àpótí méjì ní oṣù yìí, kí ó sì ta mẹ́ta sí i fún oníbàárà kan náà nígbà tí owó bá tún wọlé fún un, láìní dúró de ẹni tí ó lè san owó odidi dìfáídà lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò pọn dandan kí ó ní ẹ̀dà onírin tàbí ike. Pílíwúùdù tí ó ń rà ní ọjà ti ní ìwọ̀n tirẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, ìyẹn íǹṣì 48 sí 96. Bí ó bá mú íǹṣì 16 ṣe ìwọ̀n-ẹyọ, yóò gé mẹ́ta ní ìbú àti mẹ́fà ní gígùn, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ 18 láìsí àjẹkù. Àpótí kan gba ojú márùn-ún àti ilẹ̀kùn kan. Ẹ bi ọmọ kíláàsì léèrè pé ẹyọ mélòó ni pílíwúùdù kan yóò bí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáhùn pé mẹ́ta, ẹ tún bi wọ́n pé mélòó ni ọ̀gá káfíńtà yóò yọ kúrò nínú íǹṣì 16 náà nítorí nínípọn pákó àti ohun tí ayùn jẹ, kí ojú kan lè wọ inú èkejì. Ìdáhùn ìyẹn kò sí nínú ìwé kankan, ìsọ̀ ni wọn yóò ti lọ béèrè.